Ọ̀sẹ̀ Mẹ́wàá Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Adájọ́

Oṣù kọkànlá ọdún àkọ́kọ́ mi nílé-ẹ̀kọ́ òfin ni. Èmi àti ọmọkùnrin kan tí a jọ wà ní kíláàsì jókòó ní yàrá ìkàwé, ó wá ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lẹ́tà òun sí àwọn adájọ́ tán. Mo bi í pé, "Kí ló dé? Ta ló pè ọ́ lẹ́jọ́?" Ó wò mí títí. Kò fi mí ṣẹ̀sín, mo sì ń dúpẹ́ ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní. Ó jókòó, ó ṣàlàyé pé akẹ́kọ̀ọ́ òfin lè lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ adájọ́ nígbà ooru, kí ó máa bá a ka ìwé ẹjọ́, kí ó máa wá òfin jáde, kí ó máa kọ àbá, nínú ọ́fíìsì adájọ́ gan-an. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀, lọ́yà ni ìyá rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nídìí oúnjẹ.

Èmi ò gbọ́ ọ rí. Kò sí ẹni tó fi pamọ́ fún mi. Nínú gbogbo àwọn tí mo lè bi léèrè láyé mi, kò sí ọ̀kan tó mọ̀ ọ́n ni.

Ilé-ẹjọ́ tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà tí èmi àti Màámi dé Amẹ́ríkà. Màámi ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru, ó ń sùn lọ́sàn-án. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 13, onílé pè wá lẹ́jọ́ nítorí owó ilé oṣù méjì. Èmi ni mo bá Màámi lọ, kí n lè máa sọ fún un bí òyìnbó wọn bá ti yá jù. Láti aago mẹ́sàn-án la ti jókòó. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ wa, bí wọ́n ṣe pè é kò jẹ́ ká tètè mọ̀ pé àwa ni. Lọ́yà onílé sọ bíi gbólóhùn mẹ́ta. Adájọ́ bi Màámi bóyá ó jẹ owó náà. Màámi ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì fẹ́ fi kún un pé òun ti san apá kan, pé rìsíìtì rẹ̀ wà nínú báàgì òun. Kò tíì tú báàgì náà tán tí wọ́n fi pe ẹjọ́ ẹlòmíràn. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Rìsíìtì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ Màámi, ó fi í sínú Bíbélì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ kọ́ òfin. Ìdí náà sì nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí nígbà tí mo gbọ́ pé mo lè kọ lẹ́tà sí adájọ́.

Ohun tí wọ́n ń béèrè kò pọ̀: lẹ́tà kan, ìwé tó sọ ibi tí o ti kàwé àti ibi tí o ti ṣiṣẹ́, èsì ìdánwò, àpẹẹrẹ ìwé òfin tí o fọwọ́ ara rẹ kọ, àti àwọn olùkọ́ tó lè jẹ́rìí rẹ. Ohun tó ṣòro ni pé kò sí ọ́fíìsì kan tó ń pín akẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn adájọ́. Ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ tó ń kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ jẹ́ 94 káàkiri Amẹ́ríkà, adájọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń yan ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ bó ṣe wù ú. Àwọn kan ń kéde rẹ̀ lórí OSCAR, ìkànnì tí ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ fi ń gba ìwé àwọn tó fẹ́ bá adájọ́ ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn kì í kéde rárá. Ẹni tó bá mọ̀ ló ń kọ lẹ́tà sí wọn. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, nígbà tí èmi ń sá fún ìdánwò, ni àyè ń kún.

Mo kọ lẹ́tà 17. Ẹnikẹ́ni ò fèsì.

Mo gbé ọ̀kan nínú wọn lọ fún olùkọ́ tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń kọ ìwé òfin. Ó kà á, ó fi lé orí tábìlì, ó ní lẹ́tà náà dà bíi ti ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Òótọ́ ni. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ mi kò lókìkí, pé máàkì mi nínú iṣẹ́ kan kò dára tó, pé mi ò ní ìrírí. Adájọ́ ò tíì béèrè, mo ti jẹ́wọ́. Olùkọ́ yìí tún fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ adájọ́. "The Honorable" ló ń ṣíwájú orúkọ rẹ̀ lókè lẹ́tà, "Dear Judge" la sì fi ń kí i. Ọmọ Yorùbá ni mí. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń kí ọba yàtọ̀ sí bí a ṣe ń kí baálẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ìkíni ààfin tibí ni.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè tó yí gbogbo nǹkan padà: "Iṣẹ́ wo lo ń ṣe kí o tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin?" Mo ní mo ṣe olùtọ́jú nílé àwọn arúgbó fún ọdún mẹ́rin, àti pé mo ṣì ń ṣe é ní òpin ọ̀sẹ̀. Mi ò kọ ọ́ síwèé nítorí mo rò pé kò bá òfin tan. Ó ní kí n sọ ohun tí mo ń ṣe lóru kan. Mo ní a ń wẹ̀ wọ́n, a ń yí wọn padà lórí ibùsùn, a sì ń kọ àkọsílẹ̀: aago tí màmá yìí lo oògùn, ohun tó jẹ, bóyá ó ṣubú, ta ló wà níbẹ̀, kí ló sọ. Bí a ò bá kọ ọ́, a jẹ́ pé a ò ṣe é. Olùkọ́ mi ní, "Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ kọ."

Mo tún lẹ́tà kọ. Mo fi 12 mìíràn ránṣẹ́. Adájọ́ méjì pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀kan sì gbà mí. Nígbà tí mo dé iwájú rẹ̀, kò bi mí nípa máàkì rárá. Ó ní, "Bí òṣìṣẹ́ méjì bá rí arúgbó kan tó ṣubú, tí àkọsílẹ̀ wọn kò sì bára mu, kí ni ẹ máa ń ṣe?" Mo ní a kì í pa ọ̀kan rẹ́. A ń fi méjèèjì sílẹ̀, a ń wo aago, a ń wo ibi tí oníkálukú dúró sí, a sì ń bi arúgbó náà fúnra rẹ̀ bó bá lè sọ̀rọ̀. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan la sọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Fún ẹni tó bá ń ka èyí tó sì ti ṣiṣẹ́ ilé ìtajà, iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà, tàbí tó ti tọ́ àbúrò dàgbà: má yọ ọ́ kúrò nínú ìwé rẹ. Pàápàá báyìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Harvard àti Yunifásítì North Carolina, ó ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ò gbọdọ̀ máa fi ẹ̀yà èèyàn ṣe ìdíwọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ètò tó ń ran irú àwa lọ́wọ́ ti yí ọ̀rọ̀ ìwé wọn padà. Wọn ò béèrè irú ẹni tí o jẹ́ mọ́; ohun tí ojú rẹ ti rí àti bí o ṣe là á kọjá ni wọ́n ń béèrè. Inú mi kò dùn sí ìdájọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìtàn ara ẹni ṣì lẹ́nu, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ dáadáa ṣì lè fi ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Òfin gba ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ láyè láti gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, ọ̀fẹ́ náà sì ni ọ̀pọ̀ jùlọ àwa ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ lè kà á mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìgbà ooru lówó tirẹ̀; ó wá dà bí ẹni pé èèyàn ń sanwó kí wọ́n lè jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá láìgba kọ́bọ̀. Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ sọ fún mi ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà, wọ́n ń fi mọ́tò gbé e lọ. Mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a pe nǹkan yìí ní orúkọ rẹ̀: òun ni asẹ́ tó ń sẹ́ àwọn ọmọ tálákà kúrò, láìsí ẹni tó kọ ọ́ sínú òfin kankan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ kí ojú tó wà nílé-ẹjọ́ jọ ojú tó wà nígboro, kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ àti owó ilé.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ̀wé sí àpò ìrànwọ́ kan nílé-ẹ̀kọ́ wa tó wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìlú, wọ́n fún mi ní ìwọ̀nba. Mo tún ń ṣiṣẹ́ nílé arúgbó lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé. Mo sì bi adájọ́ náà tààrà, kí n tó bẹ̀rẹ̀, bóyá mo lè máa tètè kúrò ní Jímọ̀. Ó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀rù kí n tó béèrè.

Chicago ni mo ti ṣe ìkọ́ṣẹ́ náà, ní ilé-ẹjọ́ Dirksen tó wà lójú ọ̀nà Dearborn. Ilé dúdú gàgàrà ni, irin àti gíláàsì, àjà 30. Mies van der Rohe ló ya àwòrán rẹ̀. Ní òdìkejì ọ̀nà ni ère pupa ńlá tí Alexander Calder ṣe dúró sí, tí wọ́n ń pè ní Flamingo. Mo ti kọjá níwájú ère yẹn nígbà àìmọye láìmọ ohun tó ń lọ nínú ilé tó kọjú sí i.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fún mi ní ìwé kan láti fọwọ́ sí. Ohun tí mo bá gbọ́ nínú ọ́fíìsì adájọ́, ohun tí a bá rò, àbá tí a bá kọ tí adájọ́ kò sì lò, kò gbọdọ̀ jáde láéláé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má retí orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹjọ́ nínú ohun tí mo ń kọ yìí, mo sì ti yí àwọn ohun tó lè tú èèyàn fó padà. Ọ́fíìsì náà kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Adájọ́, akọ̀wé rẹ̀ kan, lọ́yà méjì tí wọ́n ń pè ní law clerk, tí wọ́n ń bá a wádìí òfin tí wọ́n sì ń bá a kọ ìwé ìdájọ́, àti àwa ọmọ ìkọ́ṣẹ́ méjì. Àwọn èèyàn ìwọ̀nba yẹn ló ń ka gbogbo ohun tí àwọn lọ́yà ńláńlá ìlú bá kó wá.

Ọ̀kan nínú àwọn law clerk mú mi rìn yíká ilé. Ó mú mi dé àjà 25, sí yàrá ẹjọ́ ńlá tí wọ́n fi ń ṣe ayẹyẹ. Orúkọ James Parsons ni wọ́n fi sọ ọ́. Lọ́dún 1961 ni Ààrẹ Kennedy yan Parsons sípò adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ yìí. Ṣáájú rẹ̀, William Hastie ti ṣe adájọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ́dún 1937, àmọ́ erékùṣù Virgin Islands ló ti ṣe é, sáà rẹ̀ sì ní iye ọdún. Parsons ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ títí ọjọ́ ayé ní irú ilé-ẹjọ́ yìí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an. Lára àwọn tó bọ̀wọ̀ fún un ni àwọn adájọ́ àti lọ́yà tó dá ẹgbẹ́ Just The Beginning sílẹ̀ ní Chicago, ẹgbẹ́ tó ń fa àwọn ọ̀dọ́ tí wọn ò ní ẹni lókè sún mọ́ ilé-ẹjọ́. Ann Claire Williams wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Olùkọ́ ọmọ kékeré ni Williams kí ó tó kọ́ òfin. Ó di adájọ́ níbẹ̀ lọ́dún 1985. Nígbà tó di 1999, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti àgbègbè náà.

Olùkọ́ ọmọ kékeré. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì ń rò ó padà sẹ́yìn dé ilé àwọn arúgbó.

Àwọn ìtàn yìí wúlò fún mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ, pàápàá ti William Coleman. Coleman ló gbégbá orókè nínú kíláàsì rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin Harvard, lọ́dún 1948 ló sì di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe law clerk ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, lọ́dọ̀ Adájọ́ Frankfurter. Frankfurter kan náà ni wọ́n mú orúkọ Ruth Bader Ginsburg, tó padà wá di adájọ́ ní ilé-ẹjọ́ kan náà, wá fún lọ́dún 1960, tó kọ̀ láti gbà á nítorí pé obìnrin ni. Ẹnu ọ̀nà kan náà ni. Ó ṣí fún ẹnìkan, ó tì mọ́ ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ tó kọ́ mi lóhun tó pọ̀ jù lọ dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹlẹ́wọ̀n kan kọ ìwé ẹ̀sùn fúnra rẹ̀, láìní lọ́yà. Irú ìwé báyìí pọ̀ ní ilé-ẹjọ́ àpapọ̀. 405 dọ́là ni owó ìpẹ̀jọ́. Ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní in lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n máa yọ 350 nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára owó tó wà lọ́wọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n fún un. Òfin ọdún 1996 kan ní kí adájọ́ yẹ ẹ̀sùn ẹlẹ́wọ̀n wò kí wọ́n tó fi ìwé pe ẹni tó fẹ̀sùn kàn. Bí ẹ̀sùn náà ò bá lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, ibẹ̀ ló ń kú sí. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n kà á, kí n sì kọ àbá: ṣé kó kọjá, àbí kó dúró?

Ojú ewé 14 ni, àfọwọ́kọ, kò sí àyè láàárín ìlà. Ó fẹ̀sùn kan ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n, dókítà, nọ́ọ̀sì méjì, àti ẹni tó ń se oúnjẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ó lọ sẹ́yìn, ó bọ́ sí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó padà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ àbá ojú ewé méjì pé kí adájọ́ dá a nù, pé kò sí ohun tó ṣe é dì mú nínú rẹ̀. Àbá náà mọ́ tónítóní. Mo fi gbogbo ìlànà Bluebook, ìwé tó sọ bí a ṣe ń tọ́ka sí òfin àti ẹjọ́, tí wọ́n kọ́ wa tọ́ka sí òfin, inú mi sì dùn sí i.

Law clerk náà kà á, ó dá a padà fún mi. Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Wọ yàrá ìkàwé, ti ilẹ̀kùn, kí o ka ìwé ọkùnrin náà sókè."

Mo wọlé. Mo ń kà á sókè. Nígbà tí mo dé ojú ewé kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èèyàn. Gbogbo ibi tí ojú mi rí bí ìdàrúdàpọ̀, etí mi gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ ohun tó dùn ún jù ṣáájú, tó wá ń padà lọ mú èyí tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn màmá tí mo ń tọ́jú ṣe ń sọ̀rọ̀ lóru. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Ibi tó ń ro wọ́n ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo fa bébà kan yọ, mo sì ṣe ohun tí mo ń ṣe nílé arúgbó: mo kọ ọjọ́ sí apá òsì, mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí apá ọ̀tún, mo ń to wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Nígbà tí mo parí, ọ̀rọ̀ náà dúró níwájú mi kedere. Ọkùnrin yìí béèrè oògùn kan tí dókítà ìgboro ti kọ fún un, ó béèrè léraléra lórí ìwé, ó dárúkọ ẹni tó gba ìwé náà, ọjọ́ sì ń lọ. Alásè àti ọ̀gá ọgbà ò jẹ mọ́ ọn. Ẹni méjì péré lọ̀rọ̀ kàn. Ojú ewé kẹsàn-án ló kọ èyí tó ṣe pàtàkì jù sí, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá kọ irú ìwé yìí tí adájọ́ bá fara balẹ̀ kà á. Òfin ni. Lọ́dún 1972, nínú ẹjọ́ Haines àti Kerner, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé a ò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìwé lọ́yà wọn ìwé ẹni tó kọ ẹ̀sùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ní ìpínlẹ̀ Illinois níbí ni Haines. Mo ti ka ẹjọ́ yẹn ní kíláàsì, mo ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, mo gba máàkì lórí rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé Haines tèmi dé orí tábìlì mi, mo fẹ́ dá a nù nítorí pé kò kọ̀wé bíi tàwọn tó ń kọ́ mi. Èmi ọmọ Màámi. Ẹni tó ti jókòó rí tí wọn ò dúró kí ìyá rẹ̀ tú báàgì tán.

Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára fún ọjọ́ púpọ̀. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kí wọ́n mú àwọn tó ti ìsàlẹ̀ wá wọ ilé-ẹjọ́ nítorí pé wọ́n máa lóye àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ọdún kan péré ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin ti tó láti sọ etí mi di ti ẹlòmíràn. Ó gba kí ẹnìkan ní kí n tilẹ̀kùn, kí n kà á sókè.

Mo kọ àbá kejì, mo sì kọjá ààlà sí òdìkejì. Mo kọ "ìwà ìkà", mo kọ "àìláàánú". Adájọ́ fi pẹ́ńsùlù fagi lé gbogbo wọn. Ó pè mí, ó ní, "Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti sọ ọ́. Má bá a sọ ọ́." Ó wá bi mí ohun tí lọ́yà dókítà yóò sọ. Mi ò tíì rò ó. Ó rán mi padà sí ẹjọ́ Estelle àti Gamble ti ọdún 1976. Ẹjọ́ yẹn fi lélẹ̀ pé bí òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ etí dídi sí àìsàn líle ẹlẹ́wọ̀n, ó rú òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ó tún fi lélẹ̀ pé àṣìṣe dókítà lásán kò tó bẹ́ẹ̀. Gamble fúnra rẹ̀, tó fọwọ́ kọ ẹ̀sùn tirẹ̀ náà, kò borí dókítà rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tó lágbára jù lẹ́nu ẹni tí mi ò fẹ́ kó borí ni mo kọ́kọ́ ń kọ nínú gbogbo àbá mi.

Ohun tí adájọ́ ṣe sí ẹjọ́ náà wà lára ohun tí mi ò lè sọ.

Ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀. Mo rí i pé ìwé lọ́yà tó kúrú ni adájọ́ ń fẹ́ràn láti kà, pé lọ́yà tó bá gbà pé ibì kan ò dára nínú ẹjọ́ òun ni wọ́n ń gbàgbọ́ níbi tó kù. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lọ́yà kan rí mi nínú yàrá ẹjọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ka ẹ̀wọ̀n fún ọkùnrin kan, ó ní kí ẹbí olùjẹ́jọ́ jókòó sẹ́yìn. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú, ìwé wà lọ́wọ́ mi. Òṣìṣẹ́ yàrá ẹjọ́ dá a lóhùn kí n tó lanu: "Ọ̀dọ̀ adájọ́ ló wà." Lọ́yà náà tọrọ gáfárà. Ó dùn mí, mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹ̀yìn, mo rí ẹbí tó ń sọ. Màmá àgbà kan, obìnrin kan, ọmọ méjì tí wọ́n wọ aṣọ ìsinmi. Mo ti ka lẹ́tà tí màmá yẹn kọ sí adájọ́ ní àná rẹ̀. Adájọ́ náà ti kà á, ó ti fa ìlà sábẹ́ ibì kan. Màmá náà kò mọ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó di àpamọ́wọ́ rẹ̀ mú lórí itan, bí Màámi ṣe di tirẹ̀ mú.

Nígbà tí adájọ́ ń sọ̀rọ̀, ó tọ́ka sí lẹ́tà náà. Mo rí ejìká màmá yẹn tó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ka fún ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ka ìwé rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, ní gbogbo oṣù kẹwàá, mo máa ń jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún àkọ́kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ wa. Mo ń bá wọn ka lẹ́tà wọn, mo ń yọ àforíjì kúrò nínú rẹ̀. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ lẹ́tà tó pọ̀, pé kí wọ́n má ṣe fojú ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ àti àwọn adájọ́ ìlú kékeré tẹ́ńbẹ́lú, pé kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ owó àti àkókò láìtijú. Ọ̀kan nínú wọn, tí bàbá rẹ̀ ń wa tírélà, ní òun ò rí ohun tí òun lè kọ. Mo ní kó sọ fún mi bí bàbá rẹ̀ ṣe ń kọ ìwé wákàtí tó fi wakọ̀. Ó mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo parí, adájọ́ ní kí n mú Màámi wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ti wọ ilé yẹn rí, ọjọ́ tó búra di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Tààrà láti ibi iṣẹ́ òru ló ti wá, ó ti pààrọ̀ aṣọ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ ibùdókọ̀ ojú irin, ó wé gèlè. Bó ṣe rí adájọ́ ló kúnlẹ̀. Adájọ́ náà dìde kíá, ó wá bá a, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì ní ọmọ rẹ̀ kọ̀wé dáadáa. Mo túmọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màámi gbọ́ ọ. Ó fẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ni.

Mo fi tábìlì mi hàn án, àti àpótí tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ẹlẹ́wọ̀n sí. Ó wo àwọn ìwé àfọwọ́kọ náà láti òkèèrè, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí a wà nínú ọkọ̀ ojú irin Blue Line, kò sọ̀rọ̀ fún bí ibùdókọ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé: "Adájọ́ ọjọ́ yẹn, èyí tó gbọ́ ẹjọ́ ilé wa, ṣé òun náà ní irú ọmọ báyìí lọ́dọ̀, tó ń bá a ka ìwé?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà."

Ó mi orí, ó sì yíjú sí fèrèsé.